Àjàṣẹ́ ni mo ti mọ̀ pé mi ò mọ owó kà lédè abínibí mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bi mí, kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo ní Kwara ni mo ń sọ o. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún níbi iṣẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ lo lífù mi ni wọ́n ń ní kí n bá wọn kí àwọn ará Ọ̀fà. Èyí tí mo lọ yìí, orílẹ̀-èdè Benin ló wà, àwọn Gún tó ni ìlú ń pè é ní Hogbonu, àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Potogí wá dé, wọ́n sọ ọ́ ní Porto-Novo, orúkọ yẹn ló sì wà nínú ìwé ìjọba títí dòní. Òun ni olú ìlú wọn, kì í ṣe Kútọnu bí èmi náà ṣe rò láti sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé aṣòfin wọn wà níbẹ̀ àmọ́ ọ́fíìsì ààrẹ wà ní Kútọnu, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń ṣì í mú.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo ẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ṣe kọ́ọ̀sì kan náà. Òun ló ní ká lọ torí ó ní òun gbọ́ French, òun ṣe é ní JSS dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ orin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

Láti Mile 2 la ti wọ mọ́tò. Ọ̀nà Badagry, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Ìdènà ojú ọ̀nà pọ̀ débi pé mo sùn, mo jí, a ṣì ń dúró. Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ ni pé kó mú páásípọ́ọ̀tù dání, kó mú yẹ́lò káàdì dání, ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Benin fún 90 ọjọ́, àmọ́ ìwé rẹ gbọ́dọ̀ pé, torí ẹni tí ìwé ẹ̀ ò pé níbẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló máa fi ṣiṣẹ́. Èkejì, má ṣe bíi tèmi, má kó gbogbo owó ẹ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá sáré wá bá ẹ ní bọ́dà pé òun á ṣẹ́ sefà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, fún ẹ. Ọkùnrin yẹn pè mí ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí n ti mọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Kútọnu la lò ó. Ìlú yẹn dáa, ó mọ́, àwọn ọlọ́kadà wọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan tàbí zem wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, a wo òkun, a ya fọ́tò nídìí ère ńlá obìnrin ológun ìjọba Dahomey àtijọ́ yẹn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, ó ga tó mítà 30, ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán kéèyàn tó rí ojú ẹ̀. Mo fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí màmá mi tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Vóìsì nóòtù ló fi dá mi lóhùn. Ó ní ṣé àwọn tó wá gbógun ti àwọn bàbá òun ní 1851, tí wọ́n tún padà wá ní 1864, tí wọ́n ò rí nǹkan kan mú lọ, ni mo lọ ń dì mọ́ lẹ́sẹ̀ yẹn? Ó bínú gidi o. Ọ̀rọ̀ bíi 170 ọdún, ó sọ ọ́ bíi pé àná ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí n bá máa sọ òótọ́, Kútọnu dà bíi kí wọ́n mú Victoria Island kí wọ́n wá ní kó rọra sọ̀rọ̀. Èèyàn lè gbé ibẹ̀, àmọ́ mi ò rí nǹkan kan tó gbá mi lọ́kàn mú.

Àfìgbà tá a dé Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò jìnnà, bíi 30 kìlómítà. Táásì sọ̀ wá kalẹ̀, a wá gbé zem kan tó máa gbé àwa méjèèjì lọ sí gẹ́ẹ̀sìtì háùsì. Ọ̀rẹ́ mi ló bá a dúnàá-dúrà ní French. Ó yíjú sí mi, ó ní “sọ́ń ló pè é, ọgọ́rùn-ún sefà nìyẹn, gùn ún jàre.” Mo rò ó nínú mi pé owó yẹn kéré jù, àmọ́ ta ni mo jẹ́ láti bá ọ̀mọ̀wé jiyàn. Ìgbà tá a débẹ̀ tí mo na 100 sefà sí ọ̀gbẹ́ni yẹn, ṣe ló wò ó bíi pé mo fún un ní ewé. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. French ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí Gún, ọ̀rẹ́ mi ń sọ “non non, cent, cent,” èmi ń sọ gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọdé ti ń pé jọ.

Bàbá àgbà kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń fi rédíò gbọ́ nǹkan. Kò dìde. Ó kàn gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló pè é fún un yín.”

Ara mi kọ́kọ́ yá gágá pé a rí ẹni tó ń sọ Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹ káàsán bàbá, ẹ ṣé sà. Mo wá bi í léèrè, ẹ gbọ́ o, èmi ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí, tí wọ́n wò dàgbà ní Èkó, mo ní “Èló nìyẹn, bàbá?”

Bàbá yí rédíò sílẹ̀. “Ìwọ kì í ṣe Yorùbá ni?”

Ẹ wò ó, mo ti ń gbọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti kékeré, nínú ìròyìn, nínú Bíbélì, mo mọ̀ pé owó tàbí iye kan báyìí ni. Àmọ́ kó jẹ́ pé wọ́n dúró dè mí kí n mú un jáde lápò lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ mi ṣófo. Èmi tí mo ń sọ ọ́ kiri pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí nísinsìnyí ò gbọ́ Yorùbá! Bàbá ló na ìka márùn-ún sókè, ó ní “ọgọ́rùn-ún, lọ́nà márùn-ún,” bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ ilé jẹ́lé-ó-sinmi. Cinq cents ni ọlọ́kadà ń sọ látàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ cinq tó wà níwájú. Mo san 500, mo bẹ ọkùnrin náà, òun náà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ká sọ tòótọ́, èèyàn dáadáa ni.

Ọ̀rẹ́ mi ò tún sọ French mọ́ títí a fi kúrò ní Benin.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo padà lọ bá bàbá yẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ra ọsàn dání. A jókòó pẹ́. Yorùbá ẹnu ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ó máa ń fà á, àwọn míì ń pe irú wọn ní Nàgó lápá ibẹ̀, ó ní àwọn bàbá òun wá láti Ọ̀yọ́ wá ṣòwò. Ó ní tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìlú náà, àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta ni wọ́n ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ dé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accron, wọ́n rí abàmì kan tó ní orí mẹ́sàn-án tó jáde látinú òkìtì ọ̀gán, wọ́n sì ń bọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ ọba kan, Te-Agdanlin, wá dé láti Allada tó sì dá ìjọba sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni orí mẹ́sàn-án yẹn, ó ní ṣé èmi wà níbẹ̀ ni.

Òun ló wá là á yé mi, ọ̀rọ̀ owó kíkà yẹn. Ó ní owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa ń ná, wọ́n á sín ogójì sórí okùn kan, okùn márùn-ún á jẹ́ igba, igba yẹn ni wọ́n wá ń kà. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Tó o bá wá gbọ́ “ẹ̀ẹ́dẹ́” níwájú, yọ ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta tó dín ọgọ́rùn-ún. Àní gbogbo ẹ̀ kò ju ìyẹn lọ! Ọdún mélòó ni mo lò níléèwé tí wọ́n ń nà mí lórí nǹkan yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé okùn ni, pé owó gidi ni wọ́n sín sórí okùn. Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń kà á sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, ọ̀rẹ́ mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n pa á.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ìyá alákàrà wá fi hàn mí pé mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Ìyá yìí máa ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ó máa ń ta àkàsà pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ tútù tiwa, ewé kan náà, ìtọ́wò kan náà, díẹ̀ ló fi kan ju tiwa lọ. Mo dé bẹ̀, mo ní “Màmá, èló lẹ̀ ń ta àkàrà yín?” Kò dá mi lóhùn. Ó ń fi ṣíbí yí àkàrà inú epo, ó yí ti ọ̀tún, ó yí ti òsì, ó gbọn epo kúrò lára ṣíbí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbójú sókè wò mí. Ó ní “Àárọ̀ o.” Ó tì mí lójú gan-an, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé dáadáa la jí. Ó ní “Ọmọ Èkó ni ẹ́.” Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀ mà? Ó ní “O ń sáré.”

Àkàrà àti àkàsà 300 sefà ni mo rà, mo fún un ní 2,000. Ó ní, “O ò ní mọnéè?”

Mo ní mọnéè kẹ̀? Mo ní “Ṣé ẹ ò ní ṣénjì ni, mà?”

Ó ní “Ṣénjì?”

A wá ń wo ara wa. Yorùbá lèmi ń sọ, Yorùbá lòun ń sọ, a ò sì gbọ́ra wa. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì lèmi fi dí ibi tí Yorùbá mi ti lu, French lòun fi dí tiẹ̀, ojú ibi tá a dí gan-an la ti kọ́sẹ̀ lára ara wa. Ìgbà tó sọ pé òun ń wá owó wẹ́wẹ́ ló tó yé mi, èmi náà ní ìyókù owó mi ni mo ń bèèrè. Àtìgbà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ, tí mo bá ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí gẹ̀ẹ́sì fẹ́ yọ, mo máa ń dúró. Mo ní fríìjì, wọ́n ní fìrígò. Mo ní fóònù, wọ́n ní pọ̀tábù. Pẹtiróòlù, wọ́n ní ẹsáǹsì. Àmọ́ tí mo bá ní omi, iyọ̀, oorun, ilé, àna, ìlara, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìtumọ̀. Ẹ dánra yín wò lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láìki gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, òógùn á bò yín. Àkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí gan-an, ẹ ka gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ wò.

Ìyá wá ní “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán ni màá fún ẹ.” Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀sán! Bàbá ò kọ́ mi débẹ̀. Mo dúró, mo ń ka igba lọ́kàn, igba mẹ́jọ, igba mẹ́sàn-án, àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ti ń mí kanlẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, ó ti ka owó náà sí mi lọ́wọ́, 1,700, títí kan owó onírin kéékèèké 25 sefà. Nǹkan míì tó yà mí lẹ́nu nìyẹn o. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ṣì ń ná owó onírin? Níbẹ̀, ọmọdé á mú 25 lọ, á sì rí nǹkan fi bọ̀. Ìka àkàrà kan. Ẹ má fi owó ńlá lọ ra nǹkan láàárọ̀ níbẹ̀, wọn ò ní tà á fún yín, kì í ṣe ìgbéraga, owó wẹ́wẹ́ ni wúrà wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn la rìn ìlú. Ìlú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ilé alámọ̀ pupa, ilé òkè alárà Àgùdà tó ti ń ya lulẹ̀, igi ńlá láàárín ìgboro, ère ọba Toffa, ààfin ẹ̀ tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù Honmè. Ọba Toffa yìí ló bá àwọn Faransé mulẹ̀ torí kí Dahomey má bàa gbé òun mì, àwọn Faransé sì wá gbé gbogbo wọn mì. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tá a ti pẹ́ ni mọ́sáláṣí. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ mi, ó ní ká lọ wo mọ́sáláṣí ńlá àtijọ́, a dé bẹ̀, mo ní o ti ṣìnà, ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Mo fi gbogbo ẹnu búra. Ilé ìṣọ́ méjì níwájú, fèrèsé rìbìtì, ọ̀ṣọ́ òdòdó oníbíríkì lára ògiri, ọ̀dà yẹ́lò, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, gbogbo ẹ̀ ti ń ṣí. Bí ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil ló ṣe rí, ìdí ẹ̀ sì ni pé àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé, àwọn ni ilé kíkọ́ mọ̀ lọ́wọ́, ilé tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ́ náà ni wọ́n kọ́ fún Ọlọ́run, ì báà jẹ́ ti mùsùlùmí. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, da Silva, d’Almeida, Paraïso, orúkọ bíi ti Pópó Àgùdà l’Ékòó. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbọ́ pé Èkó la ti wá, ó wá ní ṣé mọ́sáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró dáadáa? Ó ní òun gbọ́ pé àwọn Àgùdà náà ló kọ́ ọ. Mo ní ó wà dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́sáláṣí yẹn ní Martins Street, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá tí mo bá lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, tí wọ́n bá na ìbọn sí mi kí n ṣàpèjúwe ilẹ̀kùn ẹ̀, kí wọ́n yìn ín. Mo sọdá bọ́dà kí ẹnì kan tó bi mí nípa ilé tó wà lẹ́yìnkùlé mi.

Oúnjẹ ọ̀sán, Songhai la ti jẹ ẹ́, oko ńlá kan tí fadà kan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Kẹ́ ẹ lọ wò ó. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, ìdin ni wọ́n fi ń bọ́ ẹja, kò sí nǹkan tí wọ́n ń dà nù. Olóòórùn ni mo rò pé ibẹ̀ máa jẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo jẹ àmíwò, ẹ̀bà àgbàdo pupa tí wọ́n fi tòmátì àti ọ̀rá adìyẹ rò. Mi ò ní ṣàlàyé, ó dùn, ẹ lọ jẹ ẹ́.

Zem tó gbé wa padà ń ra epo lẹ́bàá ọ̀nà, inú ìgò ni wọ́n ń tà á, kpayo ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ wa ló sì ti ń wá. Bó ṣe gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá, ló bá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí, kí ló dé tá a yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 tí epo fi wọ́n mọ́ àwọn lọ́wọ́? Bíi pé èmi ni mo fọwọ́ sí i! Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní a máa wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ tá a máa padà, mo yà lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Mo kí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo kí i tán, mo bi í bí oorun ṣe rí, mo wá ní “Ẹ bá mi di ti ọ̀ọ́dúnrún, mà.” Mo fún un ní 1,000. Ó mú owó náà dání, kò kì í bọ àpò. Ó ní, “Èló ni tìẹ tó kù?”

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ dákẹ́ torí wọ́n ti gbọ́ ìtàn mi, mo rí i lójú wọn.

Mo ní “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.” Ọmọbìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Mo ní “Rárá, ẹ dúró mà, ẹ̀ẹ́dẹ́... ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.”

Ìyá ò sọ̀rọ̀. Ó ka 700 sí mi lọ́wọ́, 500 onírin kan, 100 méjì, ó ki ṣíbí bọ epo, ó mú àkàrà kan sí i lórí èyí tó ti dì. Mo ní ẹ ṣé mà, ó ní kí n máa lọ, mọ́tò mi á lọ.

Mo ṣì rí 25 sefà kan nínú àpò ṣòkòtò mi nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, kò kúkú wúlò níbí.